Aṣọ Tó Ṣẹ́kù

Ìyá Télọ̀ ló ń rán aṣọ fún àwọn tó ń ya fíìmù ogun àtijọ́. Nígbà tí olùdarí fíìmù rí ẹ̀wù àwọn ọ̀tá, ẹnu yà á.

"Mọ́mì, báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n rán tó báyìí?"

Ìyá fi eyín já òwú. "Ta ló rán ti àkọ́kọ́ nígbà ogun?"

Òṣèré tó ń ṣe olórí ajàjàgbara fò dìde. "Ẹ rán aṣọ fún ọ̀tá!"

"Kí n kọ̀ fún oníbọn? Àmọ́ aṣọ kì í dé ọwọ́ télọ̀ kó má ṣẹ́kù. Èyí tó ṣẹ́kù ni mo fi rán ti àwọn ajàjàgbara."

Orí olùdarí wú. "Ajàjàgbara ni yín nìyẹn! A máa fi í sínú fíìmù."

"Ẹ fi gbogbo ẹ̀ sí i o. Aṣọ kan náà ló wà lọ́rùn ẹni tó yìnbọn àti ẹni tó kú. Èmi ni mo wọn àwọn méjèèjì."

Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ ìyá wọlé wá mú un relé. Sòkòtò tuntun ló wọ̀, aṣọ tí olùdarí rà fún fíìmù ni láti ìbàdí dé ọrùn ẹsẹ̀. Olùdarí wo sòkòtò, ó wo ìyá, kò sì mọ ẹgbẹ́ tí ìyá ka òun mọ́, ti ọ̀tá àbí ti ajàjàgbara.