Ìkíni Abẹ́ Ìròyìn

Ọ̀gá mi, Ọ̀gbẹ́ni Májẹ́kódùnmí, ní kí n yan ọ̀kan nínú ètò ìkànnì tuntun méjì kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Ètò tí a fi ń gbé ìròyìn sórí ìkànnì wa ní Àkúrẹ́ ti gbó, a ní láti pààrọ̀ rẹ̀. Èkíní wúwo, ó ń falẹ̀, ṣùgbọ́n yóò kó gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ wá, títí kan kọ́mẹ́ǹtì tí àwọn òǹkàwé kọ sábẹ́ ìròyìn. Èkejì fúyẹ́, ó ń yára ṣí, àmọ́ ìròyìn nìkan ló lè kó. Kọ́mẹ́ǹtì á parẹ́, kò sì ní sí àyè láti kọ òmíràn.

"Ta ló ń ka kọ́mẹ́ǹtì?" ni Ọ̀gá wí. "Monílọ́lá, ìwọ lo mọ iṣẹ́ yẹn. Èyí tó o bá mú la máa lò."

Ó bọ́ síta. Ó ku èmi nìkan àti fáànù tó ń ké. Èmi ni mo ń ka kọ́mẹ́ǹtì. Bàbá mi wà níbẹ̀.

Tíṣà ni Bàbá l'Óǹdó kó tó fẹ̀yìntì lọ sóko ní Bọ́lọ́rundúró. Láti ọjọ́ tí mo ti gbaṣẹ́ yìí ló ti ń ṣí ìkànnì wa láràárọ̀, kò sì sí ìròyìn tó kà tí kò kí wa lábẹ́ rẹ̀. Ìjàǹbá ọkọ̀ lọ́nà Ìjàre o, iye owó kòkó tó wálẹ̀ o, ìkíni kan náà ni: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Monílọ́lá, ṣé o ti jẹun?"

Àwọn ará ọ́fíìsì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ojú tì mí. Mo pè é, mo ní, "Bàbá, fóònù ni kí ẹ máa fi kí mi, ẹ má kí mi níbẹ̀ mọ́."

Ó ní, "Ṣé kí n wọlé onílé kí n má kí i ni?"

Mi ò fèsì sí ẹyọ kan nínú ìkíni rẹ̀ rí. Oṣù karùn-ún rè é tí a sin ín. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Ẹ lè ní kí n ya fọ́tò àwọn ìkíni náà pamọ́. Mo yà á. Àmọ́ fọ́tò inú fóònù kò dà bí kí orúkọ Bàbá wà lójúde, níbi tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sí.

Mo ti fẹ́ mú èyí tó wúwo kí n tó tún ka ìkíni rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Abẹ́ ìròyìn kan nípa ajílẹ̀ ni mo ti rí eléyìí: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Monílọ́lá, ó pẹ́ kó tó ṣí lónìí. Mo gun orí àpáta ẹ̀yìn oko lọ wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí n tó rí yín. Ẹ bá wa wá nǹkan ṣe sí i."

Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, lórí àpáta, kó ṣáà lè kí ọmọ tí kò ní dáhùn. Mo sunkún bí ọmọdé.

Mo mú èyí tó fúyẹ́. Kí a tó ti ìkànnì àtijọ́ pa, mo dáhùn ìkíni rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ mẹ́ta gbáko: "Ẹ ṣé, Bàbá. Mo ti jẹun." Irọ́ pọ̀ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé ìgbà tí ètò tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Oǹdó, mo gun ọ̀kadà dé Bọ́lọ́rundúró. Mi ò gun àpáta kankan. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ahéré Bàbá, mo fi fóònù rẹ̀ ṣí ìkànnì wa. Ó ṣí kí n tó ka ení, èjì. Mo ka ìròyìn àkọ́kọ́ dé ìparí, mo wá ń wá ibi tí mo ti lè kí àwọn ará ibẹ̀.

Kò sí.