Òdì Kejì Títì

Ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, aṣọ iléèwé ni aránṣọ ń ṣẹ́ létí lórí ẹ̀rọ rẹ̀. Akọ̀wé kan láti ọ́fíìsì ìlera lẹ ìwé mọ́ òpó iná iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún mọ́ra, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò pẹ́ tí ariwo ayọ̀ fi sọ. Nọ́ọ̀sì tó ń wẹ egbò fún àwọn alátọ̀gbẹ nínú ilé wọn lọ́fẹ̀ẹ́ yóò máa ya apá òsì títì náà báyìí. Kìkì pé ilé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé kó tó di ọjọ́ Ẹtì.

Aránṣọ kò dìde. Ọjọ́ kọkànlélógójì tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀ nìyẹn.

Ẹnì kan tí kò dé títì náà rí ló fi rúlà fa ilà ibi tí nọ́ọ̀sì máa dé mọ lórí máàpù ní ọdún méjì sẹ́yìn, ilà náà sì gba àárín ọ̀dà kọjá. Àwọn ará ọ̀tún rí nọ́ọ̀sì gbà. Àwọn ará òsì ń wò wọ́n.

Nígbà tí egbò yọ lẹ́sẹ̀ ọkọ aránṣọ, tó ń tún aago ṣe, dírẹ́bà àgbà tó ń gbé ní òdì kejì ránṣẹ́ sí wọn. Egbò wà lẹ́sẹ̀ òun náà. Ó ní, "Ẹ máa wá jókòó lórí bẹ́ǹṣì mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí nọ́ọ̀sì máa ń wá. Bí wọ́n bá bi yín, ẹ ní àbúrò mi ni yín, ọ̀dọ̀ mi lẹ̀ ń gbé."

Wọ́n lọ. Nọ́ọ̀sì ṣí ìwé rẹ̀. "Bàbá, nọ́ńbà ilé yín?"

Ọkọ aránṣọ kò mọ irọ́ pa. Bí oníbàárà bá bi í bóyá aago òun ṣì máa pẹ́, yóò ní, "Kò lè pẹ́," oníbàárà yóò sì gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíì lọ. Ó na ìka sí òdì kejì. "Ọ̀hún yẹn ni ilé wa, ọmọ mi."

Nọ́ọ̀sì mí kanlẹ̀, ó wẹ egbò náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀gá rẹ̀ já ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ lé e lọ́wọ́ nítorí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, omi iyọ̀ ni aránṣọ fi ń wẹ̀ ẹ́, ojú fèrèsé ló sì ti ń wo nọ́ọ̀sì tó ń wọlé dírẹ́bà. Egbò dírẹ́bà jinná; ti ọkọ rẹ̀ kò jinná títí ó fi pa á. Dírẹ́bà bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn lọ ra búrẹ́dì. "Ẹ káàárọ̀ o, aránṣọ!" Ìkíni náà a máa gún un bí abẹ́rẹ́. Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà: aránṣọ rù títí ó fi dín bùbá ara rẹ̀ kù lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ìyàwó káfíńtà ilé kejì wọlé tòun ti ìwé lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàsán o. Ilé mẹ́rìnlá ti fọwọ́ sí i. Ẹyọ kan ló kù."

"Lọ bá àwọn ará ilé gogoro."

"Wọ́n ti kó lọ. Aláǹgbá ló ń gbébẹ̀."

"Kí n wá fọwọ́ sí kí ni, ìyàwó? Ta ló légbò nílé mi? Ṣé ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n fẹ́ wá fi báńdéèjì dì fún mi ni?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ìyàwó káfíńtà, ó yára fọwọ́ bò ó. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Èmi? Inú mi ń dùn. Orí ló gbè ọ́. Ọkọ tìrẹ mọ ìgbà tó yẹ kí egbò yọ."

"Bó bá jẹ́ èmi ni, èmi náà á jowú," ni ìyàwó káfíńtà wí pẹ̀lẹ́. "Ṣùgbọ́n egbò ọkọ mi ti ń rùn, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó gbé ìwé náà sórí tábìlì, ó sì jáde.

Aránṣọ jókòó. Ọ̀rọ̀ kan sọ nínú rẹ̀ pé: kí ìyàwó káfíńtà náà tọ́ ìyà yìí wò. Ó gbọ́ ọ kedere, ẹ̀rù sì bà á, nítorí ohùn ara rẹ̀ ni.

Ó fa ìwé náà mọ́ra. Ìbéèrè kan wà níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan: ta ni aláìsàn inú ilé yín? Onígbàjámọ̀ kọ pé kò sí. Ìyá oníbúrẹ́dì kọ pé kò sí. Ilé mẹ́sàn-án ni kò ní aláìsàn rárá, síbẹ̀ wọ́n fọwọ́ sí i. Ó mú bírò. Ó fọwọ́ sí i, ó sì lọ jù ú sọ́wọ́ ìyàwó káfíńtà láìkí i.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nọ́ọ̀sì dé ilé káfíńtà. Láti inú ṣọ́ọ̀bù, aránṣọ ń gbọ́ igbe káfíńtà: ó ń fa ẹsẹ̀ rẹ̀ gbà, ìyàwó rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́, nọ́ọ̀sì ń bẹ̀ ẹ́. Aránṣọ tẹ ẹ̀rọ títí, òwú já. Ó dìde.

Nígbà tó wọlé, nọ́ọ̀sì dá a mọ̀, ó sì dorí kodò. Owú náà ṣì ń jó aránṣọ láyà bí ata. Ó jókòó sílẹ̀, ó gbé gìgísẹ̀ káfíńtà lé itan ara rẹ̀, ó tì í lẹ́yìn níbi tí ìrora ti máa ń dẹ̀ díẹ̀.

"Ibí yìí ni ọkọ mi máa ń fẹ́ kí n ti di ẹsẹ̀ òun mú," ló wí. "Ó yá, ẹ máa wẹ̀ ẹ́."