Ọwọ́ Sàídì Lórí Wáyà

Obed Olúsànyà jókòó sí pálọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Òsì láago mẹ́wàá òwúrọ̀. Ó wọ kóòtù lókè, ó wọ ṣòkòtò péńpé nísàlẹ̀, ó ń retí ẹni tó fẹ́ dán an wò fún iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Oṣù mọ́kànlá ló ti fi jókòó sílé. Ohun kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n ṣe: kó máa tọ́jú dátábéèsì, ibi tí ilé iṣẹ́ ń kó gbogbo àkọsílẹ̀ rẹ̀ sí nínú kọ̀ǹpútà. Bí iṣẹ́ yìí bá tún bọ́, ó di kó lọ bá àbúrò bàbá rẹ̀ ta páànù ní Ọjà'ba. Ìyẹn sì ti ra ìbọ̀wọ́ sílẹ̀ dè é.

Bátìrì kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti kú. Sọ́kẹ́ẹ̀tì pálọ̀ sì ti gbó débi pé kì í gbé iná àfi tí èèyàn bá fọwọ́ ti wáyà mọ́ ọn. Ni ìyá Obed bá sáré lọ pe oníṣẹ́ iná kan wá láti Bẹẹrẹ. Ọkùnrin náà tú u wò, ó mirí, ó ní kò sí àtúnṣe níbẹ̀ lónìí, àfi kóun dì í mú títí ọ̀rọ̀ yóò fi parí. Ó lóṣòó ti ògiri, ó dì í mú.

Ẹ wá wo oníṣẹ́ iná. Sàídì ni.

Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, òun àti Obed jọ ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn aládàáni kan. Obed wà nídìí kọ̀ǹpútà, Sàídì wà nídìí jẹnẹrétọ̀. Lọ́jọ́ kan, àkọsílẹ̀ ẹgbẹ̀rún mẹ́rin aláìsàn pòórá. Wọ́n ní Sàídì ló pẹ́ kó tó tan jẹnẹrétọ̀ tíná lọ, pé iná tó já lójijì ló jẹ wọ́n run. Wọ́n lé Sàídì. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn? Obed ni.

“Ọ̀gá Obed,” Sàídì ti sọ bó ṣe wọlé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀, “ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn ṣì ń dùn mí. Ìṣẹ́jú méjì péré ni mo pẹ́. Ẹ forí jì mí.”

Obed forí jì í. Kí ni kó ṣe?

Ojú Ìyáàfin Adéyẹ́misí, ẹni tó fẹ́ dán an wò, yọ nínú kọ̀ǹpútà. Yorùbá lobìnrin náà fi ń dán èèyàn wò. Ó ní irọ́ máa ń yọ̀ jù lẹ́nu ẹni tó bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì.

“Ọ̀gbẹ́ni Olúsànyà, ẹ sọ ibi tí ẹ ti kùnà rí nídìí iṣẹ́ yìí fún mi.”

“Mo máa ń ṣiṣẹ́ jù, mà.”

“Ìyẹn kì í ṣe ìkùnà, ìyangàn ni. Ẹ mú òmíràn wá.”

“Lórúkọ Jésù, ọmọ mi ò kùnà rí,” ìyá rẹ̀ sọ láti orí àga ẹnu ọ̀nà.

“Ta nìyẹn?”

“Rédíò ni, mà.”

“Ẹ pa á.”

Obed wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wò ó padà. Rédíò dákẹ́.

“Mo ti ka ìwé yín,” obìnrin náà ní. “Ẹ kọ ọ́ síbí pé iná ló jẹ àkọsílẹ̀ aláìsàn, pé tàwọn òṣìṣẹ́ ò bà jẹ́. Ogún ọdún ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Iná lè ba ẹ̀rọ jẹ́, ṣùgbọ́n kì í pa orúkọ aláìsàn nìkan rẹ́ kó fi tàwọn òṣìṣẹ́ sílẹ̀ gedegbe. Tó bá jẹ́ iná náà lẹ ṣì máa pè, ká dágbére.”

Bó bá purọ́, iṣẹ́ lọ. Bó bá sọ òótọ́, ẹni tó di iná rẹ̀ mú ń gbọ́. Kò lè ní kí Sàídì jáde, ọwọ́ Sàídì ni kọ̀ǹpútà fi ń mí. Ìyá rẹ̀ jókòó dí ẹnu ọ̀nà. Òun fúnra rẹ̀ ò sì lè dìde, nítorí ṣòkòtò péńpé.

“Èmi ni, mà,” Obed sọ. “Kọ̀ǹpútà méjì ló wà níwájú mi, ọ̀kan fún ìdánrawò, ọ̀kan fún iṣẹ́ gan-an. Mo rò pé ti ìdánrawò ni mo wà. Mo ní kó pa gbogbo orúkọ aláìsàn inú ẹ̀ rẹ́. Ó pa á rẹ́.”

“Ẹ̀dà tẹ́ ẹ fi pamọ́ ńkọ́?”

“Láràárọ̀ ni mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀dà wà. N kò ṣí i wò rí. Ọjọ́ tí mo ṣí i, òfìfo ni.”

Ìyá rẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu. Sàídì ò yọwọ́ kúrò lórí wáyà.

“Iná ńkọ́?”

“Ó lọ lóòótọ́, mà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn wákàtí kan. Ìgbà tó lọ, ṣe ni mo dúpẹ́. Mo wá sọ pé…”

Fáànù dúró. Ojú kọ̀ǹpútà ṣú.

“Sàídì,” Obed ní, “o ti pa mí.”

“Ọwọ́ mi ṣì wà lórí ẹ̀.” Sàídì ò gbóhùn sókè. Ó fi orí júwe fèrèsé. Ẹ̀rọ ìlọta tó ń pariwo lọ́ọ̀ọ́kán ti dákẹ́ pẹ̀lú. “Wọ́n mú iná lọ ni.”

Ọdún mẹ́fà ni Obed ti fi ń purọ́ mọ́ iná. Òní ni iná wá gbẹ̀san.

“Jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìnkùlé,” ìyá rẹ̀ sọ jẹ́jẹ́, “ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti dákẹ́. Àfi ẹni tó bá mọ ọwọ́ ẹ̀.”

Sàídì dìde, ó gbọn orúnkún rẹ̀.

“Ìṣẹ́jú méjì,” ó ní. “Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń ro ìṣẹ́jú méjì yẹn, Obed. Mo ń lálàá ẹ̀.” Ọ̀gá ti bọ́ kúrò lára orúkọ. “Mo máa tan án. Ṣùgbọ́n tí obìnrin yẹn bá padà, ibi orúkọ mi ni kó o ti bẹ̀rẹ̀.”

Ìyá Obed ló lọ lóṣòó sídìí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìnkùlé, jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó bú ramúramù. Kọ̀ǹpútà ò kánjú jí.

“Ọ̀gbẹ́ni Olúsànyà, kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Iná ló lọ, mà.”

Obìnrin náà wò ó títí. “Iná.”

“Iná gidi ni tòní,” rédíò sọ láti ìdí sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Sàídì ti dé ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú fún ọ́ìlì. Obed ò wo kọ̀ǹpútà mọ́. Ojú Sàídì ló ń wò.

“Mà, wọ́n lé ọkùnrin kan lẹ́nu iṣẹ́ nítorí irọ́ mi. Sàídì lorúkọ ẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì tó pẹ́ lọ́jọ́ náà kọ́ ló pa àkọsílẹ̀ kankan rẹ́.”