Bàálù Tó Sọnù Lórí Ilẹ̀

Ẹ fìdí kalẹ̀, kí n ròyìn ibi tí oorun gbé mi dé lóru àná. Ẹ má wulẹ̀ bi mí pé kí ni mo jẹ kí n tó sùn. Ẹ̀bà lásán ni.

Nínú àlá yẹn, mo wọ bàálù tó ń lọ sí Jọ́ọ̀sì, orúkọ ọmọ sì wà lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe pé mo kọ ọ́ sínú ìwé o. Orúkọ náà gan-an ni mo dì mú sínú àtẹ́lẹwọ́. Ó gbóná bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú epo, ó sì ń yíra bí òròmọdìẹ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ìbíyẹmí, ló bímọ sí Jọ́ọ̀sì. Bẹ́ẹ̀, nílé wa, ìyá bàbá wa ló máa ń fún àkọ́bí lórúkọ. Ara wọn kò gba ìrìn àjò mọ́, ni wọ́n bá ki orúkọ náà bọ̀ mí lọ́wọ́.

"Fọlárìn, má jẹ́ kó tutù o," ni wọ́n wí. "Tó bá tutù, ọmọ ẹlòmíì ni yóò fò lọ bá."

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ gan-an nìyí. Bàbá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi sì ti sọ pé àwọn ò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Bí a kò bá tètè dé, Jẹnẹrétọ̀ ni wọn yóò sọ ọmọ náà, nítorí pé kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ràn tó o láyé. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ wọn mọ́gbọ́n dání, àmọ́ orúkọ náà kò wù mí.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa," ni awakọ̀ wa, Ọ̀gbẹ́ni Ládiméjì, wí nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. "Ojú òfurufú láti ibí dé Jọ́ọ̀sì, mo mọ̀ ọ́n bí yàrá ìyá mi. Ilẹ̀ ibí yìí nìkan ni kò yé mi."

A pàtẹ́wọ́ fún un. Bàálù bẹ̀rẹ̀ sí yí kiri lórí ilẹ̀, ó ń wá ojú ọ̀nà tí yóò ti gbéra. A ò tíì lọ jìnnà tí a fi pàdé bàálù arúgbó kan tí ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń bó. Kíá ni bàálù wa ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà."

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Bàbá rẹ ńkọ́? Ṣé ìyẹ́ apá wọn ò dùn wọ́n mọ́?"

Nígbà tí wọ́n fi kí ara wọn tán, a ti wà lójú ọ̀nà mìíràn. Ọ̀gbẹ́ni Ládiméjì bá gbójú sókè. Ilé gíga àwọn tó ń darí bàálù léfòó lókè orí wa, okùn ìsáṣọ ni wọ́n fi so ó mọ́lẹ̀. Màmá àgbà kan yọjú lójú fèrèsé, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, níbo la ti máa gbéra?"

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn nílé yín nìyẹn?"

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ káàárọ̀, mà."

"Ó dáa. Ẹ máa lọ tààrà. Tí ẹ bá dé ibi tí igi àgbálùmọ̀ wà nígbà kan, ẹ yà sọ́wọ́ òsì."

"Mi ò rí igi kankan, mà."

"Báwo lo ṣe máa rí i? Wọ́n ti gé e kí wọ́n tó bí ẹ. Ibi tó wà nígbà kan ni mo sọ."

Gbogbo èrò inú bàálù ló mọ igi yẹn, kálukú ló sì mọ ibi tirẹ̀. Bàbá kan tó dé fìlà lé fìlà nàka sóde. "Ibí ni! Abẹ́ rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí ìyàwó mi."

"Irọ́ ni, Bàbá Àlàní," ni ìyàwó rẹ̀ fèsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Abẹ́ igi ọsàn lẹ ti rí mi. Ta lẹ rí lábẹ́ àgbálùmọ̀?"

Ọ̀gbẹ́ni Ládiméjì ò dá sí ìyẹn. Ó yà síbi tí bàbá náà nàka sí, a sì bọ́ sínú ṣọ́ọ̀ṣì kan tí ìsìn ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n ní kí bàálù jókòó sẹ́yìn. A jókòó títí wọ́n fi ṣe oore-ọ̀fẹ́.

"Ṣé a ti dé?" ni orúkọ béèrè nínú ọwọ́ mi.

"Ó kù díẹ̀."

"Òtútù ń mú mi o."

Ẹ ṣáà mọ̀ mí, mi ò lè rí ohun tó lọ́jú pọ̀ kí n má fẹ́ tú u. Mo lọ bá awakọ̀. Mo ní ẹni tó bá há sínú ọ̀nà tó díjú, kó ṣáà máa yà sọ́wọ́ òsì, yóò jáde dandan. Wọ́n kọ́ wa ní yunifásítì.

"Ọ̀mọ̀wé, ẹ ṣeun," ló wí. A yà sósì, a tún yà sósì, a yà títí a fi padà sínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Wọ́n ti bá wa gba àyè sílẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀gá kan láti iléeṣẹ́ ìjọba ti gba ojú fèrèsé wọlé, pẹ̀lú kóòtù àti táì. "Ta ló ní kí ẹ yà síbí? Ẹ ò níwèé àṣẹ!" Bó ṣe ń bínú ni ìwo ń yọ lórí rẹ̀, kó sì tó parí ọ̀rọ̀ ó ti di òbúkọ pátápátá. Táì yẹn bá a mu síbẹ̀. Ó gbóòórùn ọwọ́ mi.

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Orúkọ ni, sà."

"Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ láàárọ̀ yìí. Mú un wá."

Ó la ẹnu. Orúkọ náà ò gbóná mọ́, ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Mo wá rí i pé bí a bá ń wá ojú ọ̀nà ìgbéra lọ báyìí, Jẹnẹrétọ̀ ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yóò máa jẹ́ títí ayé. Mo já ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbà lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Ládiméjì, mo la ọwọ́ mi síwájú rẹ̀, mo sì pariwo:

"Dúródọlá!"

Ẹ ṣáà mọ̀ pé tí wọ́n bá pe orúkọ ọmọ tuntun, kò sẹ́ni tó ń dákẹ́. "Dúródọlá!" ni gbogbo èrò dáhùn. Bàbá Àlàní ṣí fìlà méjèèjì, ó pè é. Màmá inú ilé gíga pè é sókè. Bàálù arúgbó gbà á lẹ́nu wọn, ó jù ú fún èyí tó ń kọjá lọ lójú òfurufú, ìyẹn náà jù ú síwájú. Òbúkọ pàápàá pè é, ó kàn fajú ro ni. Lẹ́yìn náà, gbogbo wa dẹtí sílẹ̀.

Ni ẹ̀rọ bá hó. "Fọlárìn, ìwọ nìyẹn?" Ohùn Ìbíyẹmí ni.

"Èmi ni o. Ṣé ó ti dé ọ̀dọ̀ yín?"

"Ó ti wọ ọmọ létí, ó sì ti sín. Bàbá ọkọ mi ti lanu ṣáájú o, àmọ́ 'Jẹ' nìkan ni wọ́n tíì sọ."

"Ojú ọ̀nà ìgbéra rèé o!" ni Ọ̀gbẹ́ni Ládiméjì kígbe. "Iwájú wa ló wà láti àárọ̀!" Ijó la ń jó.

"Fọlárìn!" Ìyá mi ló ń kan ilẹ̀kùn. "Ta ló ń jẹ́ Dúródọlá tí ò ń fi ariwo pè?"

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, mà." Mo dìde, ojú mi ṣì dì, mo ń wá ilẹ̀kùn.

"Èyí tó ṣì wà nínú ikùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n pè é jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tọ́ nǹkan wò lẹ́nu.

"Dúródọlá. Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n kọ́bọ́ọ̀dù lò ń ṣí yẹn, mo ń gbọ́ ọ. Ẹ̀yìn rẹ ni ilẹ̀kùn wà."