Ẹja Gbọọrọ fún Àpótí Ẹsẹ̀ Bàtà Mẹ́ta

Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kejì, ìyàwó télọ̀ kú. Ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ní ọ̀sán gangan, nígbà tí ọkọ rẹ̀ jáde lọ ra omi.

Télọ̀ kò sunkún lójú ẹnikẹ́ni. Ó sin ín, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó wá, ó sì padà sídìí máṣíìnì rẹ̀. Ẹni tó bá rí i á rò pé òkúta ni. Ṣùgbọ́n ohun kan wà ní pálọ̀ tí kò jẹ́ kí ó rójú: àpótí dígí tí ìyàwó rẹ̀ fi ń sin ẹja. Kò sí ẹja kankan nínú rẹ̀. Kí àìsàn tó dá obìnrin náà dùbúlẹ̀, ó ti kó àwọn ẹja kéékèèké tó ní tẹ́lẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ó kó òkúta inú àpótí dànù, ó fi iyanrìn rọ́pò rẹ̀, ó bu omi kún un, ó sì tan ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi.

"Ẹja gbọọrọ ni mo fẹ́ sìn báyìí," ló wí fún ọkọ rẹ̀, "èyí tó rí bí ejò."

Télọ̀ ní ẹni tó bá fẹ́ gbé ejò wọlé kó má fi tòun kún un. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ náà parí sí. Kò béèrè irú ẹja tó jẹ́.

Nígbà tó yá, ọmọ wọn obìnrin wá kí bàbá rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

"Bàbá, omi lásán lẹ jókòó tì yìí. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ní àwọn fẹ́ àpótí yìí fún àwọn ọmọ àwọn. Mo ti ní màá gbé e lọ fún wọn ní Sátidé."

"Ta ló rán ọ níṣẹ́?"

"Ẹ má bínú, bàbá mi. Tí ẹja bá wà nínú ẹ̀ kí Sátidé tó pé, mi ò ní fọwọ́ kàn án. Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbàgbé láti jẹun lánàá, ṣé ẹ̀yin lẹ máa wá rántí ẹja?"

Ní ọjọ́ kejì, télọ̀ kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó mú téépù tó fi ń wọn aṣọ, ó wọn àpótí náà bí ẹni ń wọn àyà oníbàárà: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ní gígùn, kan àbọ̀ ní fífẹ̀. Ó wá gba ṣọ́ọ̀bù àwọn ẹlẹ́ja ọ̀ṣọ́ lọ.

Àǹtí Olómi ni gbogbo ènìyàn ń pe obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà, nítorí kò sí ìgbà tí aṣọ rẹ̀ ń gbẹ. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìdí, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ kú ara fẹ́ra kù o, bàbá."

"A dúpẹ́. Ìyàwó mi ń sọ nípa ẹja gbọọrọ kan. Èwo ni?"

"Wọn ò dárúkọ ẹ̀ fún mi o. Àpótí méjì tó wà níbí yìí ni wọ́n dúró wò títí. Wọ́n ní àwọn ṣì ń bọ̀."

Télọ̀ tẹ̀ síwájú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan dígí. Ẹja inú ti àkọ́kọ́ dúdú bí èédú, ìlà pupa sì fà lára rẹ̀ láti ọrùn dé ìrù bí iná tó ń jó lẹ́bàá igi. Kò gùn ju bírò lọ. Èyí tó wà nínú èkejì jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀, àwọn àmì róbótó sì wà lẹ́yìn rẹ̀ bí ojú. Imú rẹ̀ gùn, ó ń jù ú sọ́tùn-ún, ó ń jù ú sósì, bí àlejò tó ń gbọ́ òórùn oúnjẹ, tí kò sì fẹ́ béèrè. Télọ̀ kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Ó gbàgbé pé òun bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ẹ̀yìn fi ń ro ó.

"Ẹ mú onílà pupa," Àǹtí Olómi wí. "Òun ló lẹ́wà jù."

"Ìyá ẹ̀ ńkọ́? Báwo ló ṣe gùn tó?"

"Ìyá ta ni?"

"Ìyá ẹja yìí. Téèyàn bá fẹ́ ránṣọ fún ọmọ, ìyá àti bàbá ẹ̀ lèèyàn máa kọ́kọ́ wò."

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ṣé ẹja lẹ fẹ́ rà ni, àbí ṣòkòtò lẹ fẹ́ rán fún un? Ó dáa, mi ò ní parọ́ fún yín. Tẹ́ ẹ bá gbé ìyá ẹ̀ dúró, á kàn mí ní ìbàdí. Àmọ́ ẹ má mikàn. Bí àpótí bá ṣe kéré tó ni ẹja ṣe máa ń dàgbà mọ."

"Tí mo bá rán ṣòkòtò tó fún mọ́ ọmọ lára, ṣé ọmọ ò ní dàgbà mọ́ ni?"

"Ṣòkòtò ló máa ya, bàbá."

"Ẹja ò lè ya dígí."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Àǹtí Olómi. Ó na apá rẹ̀ síwájú àpótí kejì, ó fi ìka fa ìlà láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. "Ìyá tèyí ò jù báyìí lọ. Àmọ́ ekòló ló ń jẹ o, ó sì ń sá. Ihò tí orí ẹ̀ bá ti gbà, gbogbo ara ẹ̀ gbà á."

Télọ̀ kò tíì ra nǹkan kan. Ó padà sílé, ó gé àjákù aṣọ méjì: ọ̀kan gùn tó ìyá onílà pupa, èkejì tó ìyá onímú gígùn. Ó tẹ́ ti àkọ́kọ́ lé ìdérí àpótí. Orí rẹ̀ kan dígí níhìn-ín, ìrù rẹ̀ yọ jáde lọ́hùn-ún. Ó gbìyànjú láti yí i padà bí ẹja ṣe máa ń yí, aṣọ náà ká jọ bí ìgbànú nínú àpò. Ó mú un dání fún ìgbà díẹ̀. Bóyá èyí gan-an ni ọkàn ìyàwó rẹ̀ fẹ́. Bóyá kì í ṣe òun. Ta ni yóò bi léèrè? Ó ká aṣọ náà sọ́tọ̀, ó tẹ́ kékeré. Ó yí i, ó tún un yí, àyè ṣì kù.

Ó rántí ọ̀rọ̀ ihò. Ó mú fóòmù, ó lọ sí ẹ̀yìn àpótí níbi tí páìpù ẹ̀rọ gbà wọlé, láti dí i. Fóòmù ti wà níbẹ̀. Ẹnì kan ti gé e, ó ti fi òwú dì í mọ́ páìpù náà yíká, pẹ̀lú irú kókó tí télọ̀ fúnra rẹ̀ kọ́ ìyàwó rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. Nígbà tó ṣe, ó padà lọ ra ẹja.

Ní Sátidé, ọmọ rẹ̀ dé pẹ̀lú aṣọ ńlá tó fẹ́ fi wé àpótí. Ó tẹjú mọ́ dígí.

"Bàbá, omi àti iyanrìn ni mo rí o."

"Ó wà níbẹ̀."

"Níbo? Ẹ dákun, ẹ má fi mí ṣeré."

Òótọ́ ni pé télọ̀ fúnra rẹ̀ kò tíì rí i láti àná. Bí ẹja náà bá ti kú sínú iyanrìn, kò mọ ohun tí yóò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí mọ́. Ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó fi ṣíbí wa ilẹ̀, ó mú ekòló kan wọlé, ó sì sọ ọ́ sínú omi. Ekòló náà rọra rì. Bàbá àti ọmọ bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi orí kan orí.

Iyanrìn mì. Imú gígùn kan yọ, ó yà sọ́tùn-ún, ó yà sósì. Ekòló pòórá.

"Yéè!" Nọ́ọ̀sì fọwọ́ bo ẹnu. "Bàbá, ó ń wò wá! Ṣé èyí tí màámi fẹ́ nìyẹn?"

"N kò mọ̀. Èyí tí àyè gbà nìyẹn."

Ọmọ náà ká aṣọ ńlá rẹ̀, ó fi sábẹ́ apá. Ó bi bàbá rẹ̀ pé ìgbà wo ni ẹja náà tún máa jẹun. Télọ̀ ní ó di ìrọ̀lẹ́. Ọmọ náà ní òun á dúró.

Ohun tí ìyàwó télọ̀ fi sílẹ̀ nìyí: bàtà aláwọ̀ búlúù kan tí kò tíì wọ̀ rí, ìgò ojú tí apá rẹ̀ kan ti kán, ìdajì ọṣẹ nínú àwo, búláńkẹ́ẹ̀tì kan, kọ́kọ́rọ́ tí a kò mọ ilẹ̀kùn tó ń ṣí, àga kékeré kan níwájú àpótí dígí, ọmọbìnrin kan, ọkọ kan.