Omi Tó Gba Ihò Àpótí Wọlé

Ẹni tó bá rò pé iná ló le jù nínú iṣẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì, kò tíì bá ìyá tó fẹ́ràn ọmọ gbé ilé kan náà.

Roqeebah ti Jakande ní Ìsọlọ̀ kọ́ ló ń ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Ṣàmsúdéènì ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ló ń ṣe ìyẹn ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ṣógúnlé. Àpótí kékeré tí rọ́kẹ́ẹ̀tì máa gbé sí imú lọ sókè ni tirẹ̀, èyí tó máa wọn ooru àti agbára afẹ́fẹ́ lójú ọ̀run. Èyí tó ṣe ṣáájú gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, kò mú ìròyìn kankan bọ̀. Ṣàmsúdéènì wá là á mọ́lẹ̀ pé bí tuntun yìí ò bá tanná, iyanrìn tó wúwo tó o làwọn máa dì sí ipò rẹ̀, torí rọ́kẹ́ẹ̀tì ò lè fò dáadáa láìsí ẹrù ní imú. Iyanrìn! Ọ̀rọ̀ náà dun ọmọbìnrin yìí wọ eegun.

Ọ̀la ni wọ́n máa yin rọ́kẹ́ẹ̀tì náà sókè. Lọ́sàn-án Jímọ̀, Roqeebah ti mọ́sálásí dé, ó tẹ bọ́tìnnì àpótí náà. Iná aláwọ̀ ewé tó máa ń ṣẹ́jú kò ṣẹ́jú. Ó tún un tẹ̀, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Ó ṣí ìdérí, omi ló bá níbẹ̀.

"Mọ́mì! Ta ló da omi sí nǹkan mi?"

Ìyá rẹ̀, Alhaja Mọ́nsúrátù, yọjú láti yàrá. "Dà á kẹ̀? Mo kàn wọ́n ọn ni o. Sámúsámù ni, omi Mẹ́kà. Mo rí àwọn ihò kéékèèké lára ẹ̀, mo ní ibẹ̀ ni àdúrà máa gbà wọlé."

"Afẹ́fẹ́ ni mo ṣe ihò yẹn fún! Nǹkan tó ń wọn afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa mí."

"Ó ń mí?" Ojú ìyá wálẹ̀. "Áà, mo ti ba iṣẹ́ ọmọ mi jẹ́."

Inú ń bí Roqeebah, ká má parọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ló kọjú sí. Ó yọ bátìrì, ó fi sípírítì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ bọ́ọ̀dù iná inú àpótí náà fínnífínní, ó gbé e síwájú fáànù. Iná bá lọ. Ìyá mú abẹ̀bẹ̀, ó jókòó sílẹ̀, ó ń fẹ́ ẹ bí ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná. Roqeebah ní kó sinmi, ó ní kò rẹ òun.

Wọ́n kírun Àlásárì tán kí Roqeebah tó dá bátìrì padà. Iná aláwọ̀ ewé náà ṣẹ́jú! Nọ́ńbà ooru yọ lórí fóònù rẹ̀, ti afẹ́fẹ́ tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ tí Ṣàmsúdéènì fi kan ilẹ̀kùn.

"Ṣé ó ń ṣiṣẹ́, àbí ká bu yanrìn?"

"Lọ da yanrìn ẹ nù, jọ̀ọ́."

Nígbà tí Ṣàmsúdéènì gbé àpótí lọ tán, Roqeebah ní kí ìyá gbé ìyókù omi yẹn wá kí òun bá a tọ́jú rẹ̀. Ike omi náà ti ṣófo. Ó mọ ike yẹn dáadáa. Látìgbà tí ìyá ti Mẹ́kà dé ló ti wà lórí aṣọ funfun tó ní kí wọ́n fi sin òun, pé omi náà ni kí wọ́n wọ́n sí aṣọ ọ̀hún lọ́jọ́ tí Ọlọ́hun bá pe òun. Kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tọ́ ọ wò rí, kódà nígbà tí àìsàn dá òun gan-an wó.

"Gbogbo ẹ̀, Mọ́mì?" Omi ti lé ròrò sójú Roqeebah.

"Ṣebí o ní òkè tó ń lọ jìnnà," ni ìyá wí. "Mo wò ó pé díẹ̀ ò ní tó o."