Fíríìjì Ẹ̀yìn Pẹpẹ

Tinúọlá gbé àwo àyẹ̀wò náà sókè síbi iná, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó wá kọjú sí Simbiat tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní lábù.

"Ta ló sọ fún ẹ pé omi yìí mọ́?"

"Ṣebí ó máa ń mọ́ lójoojúmọ́."

"Ti òní la ní ká yẹ̀ wò, kì í ṣe ti ojoojúmọ́. Ẹni tó bá fẹ́ máa kọ èsì kó tó wo àwo, kó lọ máa ríran ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Simbiat bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ o jàre! Èmi Mùsùlùmí gan-an ò bú wọn tó báyìí."

Ibẹ̀ ni fóònù ti dún. Wòlíì Job ni, aṣáájú ìjọ tí àbúrò Tinúọlá ń lọ ní Ìfàkò.

"Ẹ̀gbọ́n Dayọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀. Olúwa ti ṣe é bó ṣe wù Ú."

"Ṣé ó kú ni?"

"A kì í pè é bẹ́ẹ̀, ìyá. Ó ti lọ sinmi."

"Ó kú," ni Tinúọlá wí. Ó rọra gbé àwo náà kalẹ̀. Ó bọ́ aṣọ funfun iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé e kọ́ sára ìṣó, kò sì gbọ́ ohun tí Simbiat ń bi í títí ó fi jáde.

Inú kẹ̀kẹ́ tó wọ̀ láti Ògbà ló ti ń to èébú jọ. Òun àti Ẹkúndayọ̀ nìkan ni ìyá wọn bí. Láti ilé ìwé girama ni àtọ̀gbẹ ti ń bá ọmọ náà fínra. Abẹ́rẹ́ insulín ni ní àárọ̀, abẹ́rẹ́ ni ní alẹ́. Ọlọ́run mọ̀ pé òun ṣọ́ ọ tó. Àfìgbà tó lọ kó sọ́wọ́ àwọn aláṣọ funfun wọ̀nyí, tí wọ́n ń pariwo sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn bí ẹni pé adití ni Ọlọ́run wọn. Wọ́n ń rọ omi sínú ìgò, wọ́n ń pè é ní omi ìyè. Ilé iṣẹ́ tirẹ̀ náà ń rọ omi sínú ìgò, ṣùgbọ́n ti ilé iṣẹ́ ṣì ní ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ lára.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ló tẹ̀ lé Dayọ̀ lọ síbẹ̀. Obìnrin kan dìde jẹ́rìí pé òun ti da oògùn òun sínú gọ́tà, ìjọ sì hó yèè. Tinúọlá gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Nígbà tó tún yà sí yàrá Dayọ̀ lẹ́yìn náà, kò rí insulín kankan níbẹ̀. Ìgò omi ìyè ló tò sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò béèrè ohunkóhun. Kí ló tún kù tí èèyàn ń béèrè?

Bàbá wọn, tíṣà nílé ìwé ìjọ ní Èkìtì, a máa kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì nínú yàrá kan náà tó ti ń dá orin ìsìn. A máa ní, "Ọlọ́run tó dá òkúta náà ló dá orí tí a fi ń wọ̀n ọ́n." Bàbá ti lọ. Ọlọ́run tó mọ òṣùwọ̀n lò, lójú Tinúọlá, bá a lọ ni.

Wòlíì Job jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé ìjọ láìwọ bàtà. Ẹrẹ̀ ti ta sí sùtánà rẹ̀ dé orúnkún.

"Ìyá, ẹ kú àjálù—"

"Ẹ má kí mi. Ẹ kú iṣẹ́ ni kí n kí yín. Ẹ gbàdúrà, ẹ gbàdúrà, títí ẹ fi pa á."

Ìyá Ìjọ, arúgbó tó ń darí àwọn obìnrin, ló jáde wá di Tinúọlá lọ́wọ́ mú.

"Ọmọ mi, bú wa. Ó tọ́ sí ẹ. Tó o bá bú wa tán, wá wo nǹkan kan."

Yàrá ẹ̀yìn pẹpẹ ló mú un lọ. Fíríìjì kan ń kùn níbẹ̀. Ìyá Ìjọ ṣí i. Ìgò omi ìyè ló wà lókè. Ṣùgbọ́n páálí insulín ló kún ìsàlẹ̀, orúkọ oníkálukú lára tirẹ̀, orúkọ Ẹkúndayọ̀ níwájú. Òṣùwọ̀n ìtutù kan so rọ̀ láàárín wọn. Tinúọlá mọ̀ ọ́n. Òun ló fún Dayọ̀ nígbà tó tọrọ rẹ̀. Kò bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe.

"Iná kì í dúró ládùúgbò yìí," ni Ìyá Ìjọ wí. "Òun ló ní ká gbé sólà sórí òrùlé, kí oògùn má bàa bàjẹ́. Ó ní kò gbọdọ̀ gbóná ju mẹ́jọ, kò gbọdọ̀ tutù ju méjì. Tó bá ti ń gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, á ka òṣùwọ̀n yẹn sókè fún wa."

"Obìnrin tó da oògùn sí gọ́tà ńkọ́?"

"Òmùgọ̀ yẹn? Ìwọ ti jáde lọ́jọ́ yẹn. Wòlíì dá orin dúró, ó bú u níwájú gbogbo ìjọ, ó ní kó lọ ra òmíràn kó tó mú òróró wá fún àdúrà. Tirẹ̀ ló wà lápá ọ̀tún yẹn."

"Kí ló wá pa Dayọ̀?"

"Dókítà ní ọkàn ni. Wọ́n wọn ṣúgà rẹ̀, wọ́n ní ó dáa. Ó kàn ṣubú lójijì ni. Kẹ̀kẹ́ ò lè wọ inú ẹrẹ̀ yìí, Wòlíì ló pọ̀n ọ́n dé títì."

Tinúọlá rántí ẹrẹ̀ ara sùtánà. Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Òun ò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnì kankan kó tó dá a.

Kò tìtorí bẹ́ẹ̀ gba omi náà gbọ́. Bó ṣe ń wo àwọn ìgò òkè yẹn, ó dá a lójú pé kòkòrò ni yóò kún inú wọn. Lẹ́yìn náà ló rántí pé òun kò tíì yẹ ẹyọ kan wò rí.

Oòrùn ti ń wọ̀. Àwọn obìnrin ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, wọ́n dúró ti ògiri. Wòlíì Job náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

"Àkókò ti tó," ni Ìyá Ìjọ wí. "Ojú tèmi ò sì ríran tó o."

Tinúọlá bọ́ bàtà rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó mú ojú sún mọ́ òṣùwọ̀n náà. Ó wò ó dáadáa. Ó tún un wò.

"Mẹ́rin," ló wí.

"Àmín," ni gbogbo wọn dáhùn, bí wọ́n ṣe máa ń dá Dayọ̀ lóhùn.

Ó kù díẹ̀ kó sọ fún wọn pé kì í ṣe àdúrà. Ó sáré ti ilẹ̀kùn fíríìjì, kí òtútù má bàa jáde, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé e títí ó fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.